Kọ̀ǹpútà Inú Kọ̀ǹpútà àti Iṣẹ́ Ọwọ́ Morádéún

Abúlé Ìdí-Ọsàn,
Ọ̀nà Ìlaròó.
Oṣù Kẹta, ọdún 2014.

Ẹ̀rínọlá ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn àjò, mo sì kí ọ kú àbọ̀ láti Kútọnu. Ṣé àlàáfíà lo bá ilé? Ṣé ara ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ le? Ṣé àwọn tírélà ti kúrò lójú títì Malu Road kí ẹ lè rí ibi gbà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àbí ẹ ṣì ń fẹ̀gbẹ́ rìn láàárín wọn? Ọlọ́run tí ó mú ọ lọ tí ó mú ọ bọ̀ kò ní fi ọ́ sílẹ̀ ní Ọlódì-Àpápá. Òwú tí o rà bọ̀ kò ní já lẹ́nu abẹ́rẹ́, oníbàárà kò ní gbé aṣọ rẹ lọ kó gbàgbé ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ. Àmín.

Èmi náà wà dáadáa. Ẹsẹ̀ òsì ṣì ń ro mí láàárọ̀, ṣùgbọ́n tí oòrùn bá ti yọ ó máa ń gbàgbé mi. Ewúrẹ́ dúdú yẹn ti bí ìbejì, akọ kan, abo kan. Tíṣà Akínwùmí tí ó ń gbé ojúlé kejì sí mi ní kí n kí ọ, òun ló yá mi ní bírò tí mo fi ń kọ̀wé yìí. Mo mọ̀ pé wàá ní kí ló dé tí n kò pè ọ́ lórí fóònù. Fóònù ń bẹ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gùn, fóònù yẹn kò sì mọ̀ ju kó já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ènìyàn níbi tí ó ti ń dùn. Àti pé àwọn ilé iṣẹ́ fóònù ń kọ̀wé sí mi lójoojúmọ́, wọ́n ń pè mí ní oníbàárà ọ̀wọ́n, mo sì ń dá gbogbo rẹ̀ lóhùn pé mo dúpẹ́, kí wọ́n bá mi kí àwọn ará ilé wọn. Ibẹ̀ ni owó inú rẹ̀ tán sí.

Ọ̀rọ̀ tí o bá mi sọ kí o tó lọ sí Kútọnu ni mo fẹ́ dáhùn. O ní àwọn tí wọ́n ni fáṣúà máṣíìnì tí ó wà nínú lápútọ́ọ̀pù rẹ ti ṣe òmíràn jáde, wọ́n ní kí o sanwó kí wọ́n fi tuntun rọ́pò ti àtijọ́, o sì ní owó tí o fẹ́ fi ra páànù fún òrùlé mi nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ, kí n sọ èyí tí o máa kọ́kọ́ ṣe. Bí mo ṣe gbọ́ máṣíìnì, mo rò pé máṣíìnì ìránṣọ ni. Mo ń rò ó pé ṣọ́ọ̀bù yẹn kéré, níbo ló fẹ́ gbé e sí? Mo bi Tíṣà, ó ní fáṣúà ni ohun tí kò sí níbẹ̀ ṣùgbọ́n tí ó ń ṣiṣẹ́ bí ẹni pé ó wà níbẹ̀. Mo ní ha, ohun tí kò sí níbẹ̀ ni ọmọ mi fẹ́ máa sanwó rẹ̀. Mo bínú díẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rántí bí ohùn rẹ ṣe yí padà nígbà tí o dé orí ọ̀rọ̀ màmá rẹ. O ní gbogbo iṣẹ́ ọnà tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ yà ló wà nínú fáṣúà máṣíìnì yẹn, pé tí ó bá kọ̀ tí kò ṣí mọ́, màmá tún kú nìyẹn. O sunkún. Ẹkún yẹn kò kúrò létí mi, ìdí nìyẹn tí mo fi wọkọ̀ wá sí Èkó láìsọ fún ọ. O ti gbọ́ lẹ́nu ọkọ rẹ pé mo wá nígbà tí o wà ní Kútọnu, àti pé mo sùn nílé yín. Ohun tí o kò tíì gbọ́ ni ohun tí ojú mi rí nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ.

Mo bọ́ọ́lẹ̀ ní Malu Road, mo sì fẹsẹ̀ rìn gba Amúkókò kí n tó yà sọ́dọ̀ rẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà jìn fún ẹsẹ̀ mi. Ọkàn mi ló ń fà síbẹ̀. Ilé Àlàájì Sàláwù onílé wa tí a bí ọ sí ti di alájà mẹ́ta, báàtìrì mọ́tò ni wọ́n ń tà níwájú rẹ̀. Mo dúró, mo ń wò ó. Ọkùnrin tí ń ta báàtìrì bi mí pé irú èwo ni mo fẹ́, mo ní mi ò fẹ́ báàtìrì, ibi tí ó jókòó sí yẹn ni máṣíìnì ìyàwó mi wà tẹ́lẹ̀. Ó rọra gbé àga rẹ̀ sún sẹ́yìn fún mi kí n lè rí ibẹ̀ dáadáa. Ọmọlúàbí ni.

Ṣé o rántí bí ilé yẹn ṣe rí? Yàrá kan, gbogbo wa nínú rẹ̀, kọ́tìnì ló dá ibùsùn yín kúrò lára tiwa. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ ní wọ́ọ̀fù Àpápá dé nírọ̀lẹ́, tí ariwo kíréènì tí ń gbé ẹrù ọkọ̀ ojú omi ṣì ń hó létí mi, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó rí ilé ni máṣíìnì màmá rẹ, tàkà-tàkà-tàkà, ara mi á sì rọ̀. Tí ó bá dákẹ́, mo ti mọ̀ pé oníbàárà kan ló ń bá a jà pé ọwọ́ ẹ̀wù òun kéré.

Ọdún 2004 ló gbé kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ yẹn dé, pẹ̀lú máṣíìnì tí ń ṣe mónógíràmù. Ó ti lé lẹ́ni àádọ́ta ọdún nígbà náà. Mo ní Morádéún, ta ni yóò kọ́ ọ? Ó ní èyí tí òun kò bá mọ̀ òun á bi í. Mo ní bi ta ni? Ó ní bi kọ̀ǹpútà. Ó rán léèsì funfun bò ó bí ẹni bo ìyàwó lójú. Eku rẹ̀, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ tì, ó máa ń dì í mú bí ẹni pé yóò sá wọ abẹ́ ibùsùn. Ìwọ lo máa ń jókòó tì í, tí o ń ka òyìnbó ojú rẹ̀ fún un. Kò pẹ́ tí àwọn ará Ajégúnlẹ̀ fi ń wá láti àdúgbò gbogbo, àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ẹgbẹ́ mọ́ṣáláṣí, àwọn ọmọ agbábọ́ọ̀lù, pé kí ó bá wọn kọ orúkọ sára aṣọ.

Nígbà tí mo fẹ́ fẹ̀yìn tì, ó ní òun fẹ́ ya ohun tí mo fi gbogbo ayé mi ṣe sára fìlà fún mi. Kíréènì ló yà. Ó máa ń gbé oúnjẹ wá fún mi lẹ́nu géètì wọ́ọ̀fù, ó sì ti ń rí wọn lókè láti ibẹ̀, nítorí náà kò wo àwòrán kankan, orí ló fi yà á. Ṣùgbọ́n ọrùn kíréènì náà gùn, ó sì tẹrí ba díẹ̀. Nígbà tí mo dé e lọ síbi tí wọ́n ti dá wa lọ́lá, gbogbo wọn ní àgùnfọn ni. Láti ọjọ́ náà títí mo fi kúrò ní Àpápá, Bàbá Àgùnfọn ni wọ́n ń pè mí. Màmá rẹ kò bá àwọn ará wọ́ọ̀fù rẹ́rìn-ín fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí ó kú, mo fi fìlà yẹn sínú pósí lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo rò pé ó tán nìyẹn, pé ojú mi kò ní rí i mọ́.

Mo dé ṣọ́ọ̀bù rẹ. Nwakaego tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ló gbà mí lálejò, ó fún mi ní omi tútù àti búrẹ́dì. Mo ní kí ó fi fáṣúà máṣíìnì hàn mí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àfi kí òun pe Fidelis. Fidelis wá láti ṣọ́ọ̀bù kejì níbi tí ó ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe Yorùbá, ó sì fi Yorùbá tí ó ti bá Píjìn pò pọ̀ ṣàlàyé fún mi. Ó ní nígbà tí kọ̀ǹpútà màmá rẹ jóná, àwọn iṣẹ́ inú rẹ̀ kò jóná, ṣùgbọ́n ohun tí ń ṣí wọn ti darúgbó, kò lè bá lápútọ́ọ̀pù ìsinsìnyí ṣe pọ̀. Ló bá gé yàrá kan sínú lápútọ́ọ̀pù rẹ, ó kó gbogbo ẹrù kọ̀ǹpútà àtijọ́ síbẹ̀ bó ṣe wà. Yàrá yẹn ni fáṣúà máṣíìnì. Ó ní kọ̀ǹpútà àtijọ́ kò tilẹ̀ mọ̀ pé ara rẹ̀ ti jóná, ó rò pé ibi tí ó wà náà ló ṣì wà. Mo ní ṣé kò sí ẹni tí yóò sọ fún un ni? Fidelis ní rárá, bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe dáa.

Mo bi í pé nígbà tí wọ́n jẹ́ méjì nínú ara kan, ṣé jẹnẹrétọ̀ kò ní máa mu epo ìlọ́po méjì? Ó ní rárá, inú abọ́ kan náà ni wọ́n ti jọ ń jẹun, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ náà kò fi yára. Àánú wọn ṣe mí.

Ó wá ní àwọn tó ni ín gbà kí ènìyàn lo tuntun lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó sanwó. Mo ní ó yé mi, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe fún wa ní wọ́ọ̀fù, ènìyàn á kọ́kọ́ ṣe lébírà ojúmọ́ kí wọ́n tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Mo kí tuntun náà pé ó kú iṣẹ́. Fidelis ní kò lè gbọ́ mi. Mo ní kò burú, kó bá mi sọ fún un. Kí ó tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ó ní òun fẹ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ síbòmíràn ná. Èmi kò fi bẹ́ẹ̀ kíyè sí ìyẹn, búrẹ́dì ló wà lẹ́nu mi.

Ó kọ́kọ́ fi ti àtijọ́ ṣí i. Ó pẹ́ kó tó ṣí. Lẹ́yìn náà ni ojú ẹ̀rọ yí padà, mo sì rí pápá tútù yẹn tí ó máa ń wà lójú kọ̀ǹpútà màmá rẹ, pápá àti òkè kékeré àti sánmà. Mo mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó máa ń sọ pé lọ́jọ́ kan òun á gbé àga lọ jókòó síbẹ̀, kò sí tírélà, kò sí èéfín. Nwakaego tẹ nǹkan, orúkọ àwọn iṣẹ́ náà tò sílẹ̀, ewé kókò, ẹyẹlé, òdòdó ìgbéyàwó, mo sì rí ọ̀kan tí ó kọ orúkọ mi sí, Adékànmí. Mo ní kí ó ṣí ìyẹn. Àgùnfọn mi ló yọ. Ẹ̀rínọlá, mo jókòó sórí àpótí òwú rẹ, mo ń nujú. Nwakaego rò pé ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, ó fẹ́ fi róòbù pa á.

Fidelis wá gbé ẹ̀dà náà sínú tuntun. Lóòótọ́, ó yára. Kí n tó nujú tán ó ti ṣí, ojú rẹ̀ sì ń dán bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ó ní kí a dá a padà sínú ti àtijọ́, kí n rí nǹkan kan. Ó tẹ̀ ẹ́, ti àtijọ́ kọ̀ jálẹ̀, ó kọ òyìnbó jáde. Mo ní kí ló wí? Nwakaego ní ó ní òun kò lè ṣí i mọ́. Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo kígbe pé ẹ ti pa ìyàwó mi o, igbe náà dé ojú títì. Àwọn tí ń ta páàtì mọ́tò sáré wọlé, ọkùnrin kan tilẹ̀ ti ṣí fìlà lórí láti bá mi kẹ́dùn, ó ń bi mí pé níbo ni òkú wà. Fidelis di ọwọ́ mi mú, ó ní Pápá, àbẹ́gì, ẹ má pariwo, ẹ̀dà nìyẹn, ojúlówó wà níbi tó wà. Ó fi hàn mí. Àgùnfọn tún yọ. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ọkùnrin yẹn dé fìlà rẹ̀ padà, ó sì jókòó pé kò séwu, òun fẹ́ wo bó ṣe máa parí. Fidelis ní ohun tí òun fẹ́ kí n rí gan-an nìyẹn, pé tí iṣẹ́ bá ti wọ inú tuntun, kì í rọrùn láti padà sẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni má kánjú.

Nwakaego ló wá ní kí a rán an wò, nítorí pé aṣọ ni àwọn oníbàárà ń wá gbà, wọn kì í wo ojú kọ̀ǹpútà. Ó fi fíláàṣì gbé àgùnfọn láti inú ti àtijọ́ lọ sínú máṣíìnì mónógíràmù, ó rán an sórí aṣọ funfun. Ó gbé ti inú tuntun náà, ó rán ìyẹn sórí òmíràn. Máṣíìnì ń dún, ó yára ju ti ayé ìgbà náà lọ, ṣùgbọ́n mo di ojú mi, ó dà bí ẹni pé mo ti wọ́ọ̀fù dé. A tẹ́ méjèèjì sílẹ̀. A wo iwájú, a wo ẹ̀yìn, a nà wọ́n sí oòrùn. Kò sí ìyàtọ̀ kankan. Ọkùnrin onífìlà ní àwọn àgùnfọn yìí dára o. Mo ní kíréènì ni.

Ni mo bá bi Fidelis ní ìbéèrè kan. Mo ní láyé Àlàájì Sàláwù, ọdọọdún ni wọ́n ń kun iwájú ilé ní ọ̀dà, tí wọ́n á sì fi owó lé owó ilé. Àwọn kan á bínú kó lọ, àwọn kan á sanwó pẹ̀lú ẹ̀rín nítorí pé ọ̀dà náà wù wọ́n. Èmi àti Morádéún á gbójú sókè wo àjà, ó ní ilé kò jò, ilẹ̀kùn ń tì, àwọn oníbàárà òun mọ ibẹ̀, kí la fẹ́ fi ọ̀dà ṣe? Òun fúnra rẹ̀ ló lọ bẹ Àlàájì, ó bá wọn rán aṣọ ọdún, wọ́n sì fi wá sílẹ̀ bí a ṣe wà. Ṣùgbọ́n ní ọdún tí atẹ́gùn ṣí òrùlé, tí wọ́n kàn án tuntun, a sanwó láìjanpata. Mo ní Fidelis, èyí tí wọ́n ń tà fún ọmọ mi yìí, ọ̀dà ni àbí òrùlé? Fidelis rẹ́rìn-ín títí, ó ní fún irú iṣẹ́ tí o ń ṣe, ọ̀dà ni lọ́dún yìí. Àwọn tí ń fi í ṣe eré àwòrán àti iṣẹ́ ńlá ni yíyára rẹ̀ wúlò fún. Ṣùgbọ́n ó ní tí lápútọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀ bá bẹ̀ ọ́ pé òun fẹ́ pààrọ̀ inú òun sí tuntun, kí o má tíì gbà, nítorí tí o bá gbà, yàrá àtijọ́ lè má ṣí mọ́, nígbà yẹn ló máa di òrùlé, wàá sì ní láti sanwó.

Nítorí náà, ọmọ mi, èsì mi nìyí: má tíì sanwó. Kì í ṣe torí páànù mi ni mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Ká ní Fidelis sọ pé òrùlé ni, mo ti pinnu lọ́kàn pé kí òjò máa pa mí lọ, mo ní bókẹ́ẹ̀tì. Ó sì ti kó gbogbo iṣẹ́ màmá rẹ sórí fíláàṣì méjì, ọ̀kan wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ, ó ní kí ìkejì má sí ní ilé kan náà pẹ̀lú rẹ̀ nítorí iná àti olè. Ọ̀dọ̀ mi ló wà. Mo fi gèlè màmá rẹ wé e sínú àpótí, mi ò jẹ́ kó súnmọ́ rédíò kí wọ́n má baà máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wọn.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ó wúwo ju ti owó lọ. O ní màmá tún kú nìyẹn. Ẹ̀rínọlá, ẹ̀ẹ̀kan ni màmá rẹ kú, èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo mọ̀ pé kò sí nínú fíláàṣì. Nígbà tí Nwakaego ń ka orúkọ àwọn iṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà fún mi, mo bi í pé èwo ni tìrẹ. Ó ní o kò tíì ya ọ̀kan rí láti ìgbà tí màmá ti lọ, ti màmá nìkan lò ń rán. Ìyẹn dùn mí ju kíkọ̀ tí kọ̀ǹpútà kọ̀ lọ. Ìwọ tí o máa ń fi èédú yàwòrán sára ògiri títí Àlàájì fi ń mú ẹjọ́ rẹ wá bá mi! Màmá rẹ kò gbọ́ òyìnbó, ó bẹ̀rù eku, síbẹ̀ ó ya kíréènì, ó di àgùnfọn, kò sì kú. Ya tìrẹ. Kó má dáa. Tí ọjọ́ kan bá dé tí yàrá yẹn kò ṣí mọ́, tí owó kò sì sí, jẹ́ kó máa lọ. A ti jẹ nínú rẹ̀, a ti mu nínú rẹ̀, ó ti rán ọ níwèé.

Ó kù díẹ̀ kí òjò bẹ̀rẹ̀, nítorí náà jọ̀ọ́ bá mi fi owó páànù ránṣẹ́ kí àwọn káfíńtà má baà wọ oko lọ. Tí ohun kan bá ṣẹ́ kù, kí o fi owó gíláàsì ojú kún un, nítorí ẹsẹ̀ ìlà ni mo ń fọwọ́ wá lórí ìwé yìí, àti ẹja ṣáwá gbígbẹ láti ọjà Bọ́ńdìrì, ti ibí kò dùn. Bá mi kí Fidelis àti Nwakaego, kí o fún wọn ní nǹkan, wọn kò gba ohun tí mo fún wọn.

Kí Olúwa ṣọ́ ọ ní ìjáde àti ìwọlé. Kí iná má kú lé ọ lọ́wọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Àwòrán tí o bá yà, kí ó jọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ. Tí kò bá sì jọ ọ́, kí ó bá ẹni tí yóò fi ìdùnnú dé e lórí pàdé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Adékànmí.